Samuel Bíléwù Oshoffa: Gbẹ́nàgbẹ́nà Àjàṣẹ́ tí Oore-ọ̀fẹ́ Wá Bá Nínú Igbó

Ẹni tó bá jí jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní Ifangni, yóò rí wọn lójú ọ̀nà. Aṣọ funfun gbọọrọ ni wọ́n wọ̀, wọn kò sì wọ bàtà. Olówó wà nínú wọn, aláìní wà nínú wọn. Ẹni tó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀ wá àti ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn láti oko, ilẹ̀ kan náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀. Bákan náà ló rí ní Sákétẹ́, ní Pọ̀bẹ́, ní Ìgòlò tó wà lẹ́nu ibodè, títí dé Ìdirókò lápá Nàìjíríà.

Ojú àwa ará àgbègbè yìí ti mọ́ wọn débi pé a kì í bi ara wa léèrè mọ́ ibi tí àṣà náà ti wá. Kò ti ilẹ̀ òyìnbó wá. Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí wa, tí ayé ń pè ní Porto-Novo, ló ti bẹ̀rẹ̀, nílé gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Orúkọ ọkùnrin náà ni Samuel Bíléwù Joseph Oshoffa. Nígbà tí ó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọdún 1947, kì í ṣe olówó, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kò sì sí oyè kankan lórí rẹ̀. Ìtàn ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ níbí, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ kan tó ń ká gbogbo onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa lára: kí ni ipò tí ènìyàn wà láyé já mọ́ níwájú oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run?

Ọmọ tí wọ́n bẹ̀ pé kó dúró

Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni. Àlàkẹ́ ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀kọ ni. Ìmẹ̀kọ wà lábẹ́ Kétu láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàárín ilẹ̀ wa ní ọdún 1889, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà yìí kan náà ló fi Ìfọ̀nyìn sápá ibí, tó fi Ìfọ̀nyìntẹ̀dó sápá ọ̀hún. Nítorí náà, láti inú oyún ni Oshoffa ti jẹ́ ọmọ ìhà méjèèjì. A óò rí i nígbẹ̀yìn bí ọ̀rọ̀ ibodè yìí ṣe tún yọjú nínú ìtàn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti rí ikú ọmọ. Nínú àwọn tó bí ṣáájú, obìnrin kan ṣoṣo ló kù láyé. Ìtàn ìjọ sọ pé ó bẹ Ọlọ́run fún ọmọkùnrin, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fún òun, òun yóò dá a padà fún iṣẹ́ Rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dé, ó sọ ọ́ ní Samuel, bí Hánà inú Bíbélì ti sọ ọmọ tí òun náà tọrọ. Ó tún fi orúkọ kan kún un tí gbogbo ọmọ Yorùbá yóò tètè gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀: Bíléwù. Bí ilé ayé bá wù ọ́, kí o dúró. Orúkọ tí à ń sọ àwọn ọmọ tí ẹ̀rù ikú wọn ń bà wá ni. Kò sí ìgbéraga nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ láti kékeré pé ẹ̀bùn ni ẹ̀mí òun, kì í ṣe ohun tí òun fi iṣẹ́ rà.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò parí

Ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ. Ó fà á lé àwọn olùkọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lọ́wọ́ pé kí wọ́n tọ́ ọ dàgbà fún iṣẹ́ Olúwa. Ìrètí bàbá náà kò ṣòro láti mọ̀. Ní Àjàṣẹ́ ìgbà yẹn, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ló wà tí ènìyàn lè gbà di ẹni ńlá. Ó lè jẹ́ ọmọ ọba. Ó lè jẹ́ ọmọ oníṣòwò, bí àwọn ọmọ Àgùdà tí baba wọn ti Bràsíì padà dé, tí wọ́n kọ́ ilé alárà síta. Bí kò bá sì jẹ́ méjèèjì, kó mọ èdè Faransé àti ìwé dáadáa, kó lè di akọ̀wé ìjọba, olùkọ́ tàbí àlùfáà. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kò ní ọ̀nà kìíní, kò ní ìkejì. Ìkẹta nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún un.

Ọ̀nà yẹn náà sì dí. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n dá a padà sílé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ohun tí ìtàn ìjọ sọ ni pé ọ̀rọ̀ amọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n gún fún ilé kíkọ́ ló dá a sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí wọ́n ti ya sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run kí wọ́n tó bí i, ó ń gbé ẹrù rẹ̀ padà wálé láìgba ìwé ẹ̀rí kankan.

Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ó fa ayùn, ó lu òòlù, ó kan àga àti ìlẹ̀kùn. Ó tún mọ fèrè fọn. Nígbà tí bàbá náà kú ní ọdún 1939, ọmọ ti di géńdé tó ń bọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò pákó, pàápàá igi dúdú iyebíye tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń wá kiri. Òwò yìí ló ń gbé e wọ inú igbó tó wà lẹ́bàá odò àti ọ̀sà, ní àríwá Àjàṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n nìkan lè dé. Títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, kò sí ẹni tó rò pé òkìkí rẹ̀ lè kọjá àdúgbò rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta nínú igbó

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bo oòrùn lójú ní apá ibi tiwa ní Áfíríkà, ọ̀sán sì ṣú bí òru. Àwọn tó kàwé mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni jìnnìjìnnì bá. Oshoffa wà nínú igbó nígbà náà, níbi tó ti ń wá igi. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà ni ìjọ rẹ̀ ń rántí títí di òní.

Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyí. Ó ń gbàdúrà nínú òkùnkùn náà, kò sì lè la ojú rẹ̀. Ó wá gbọ́ ohùn kan tó ń pe ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọ́ rí: Luli. Ohùn náà sì túmọ̀ rẹ̀ fún un pé oore-ọ̀fẹ́ Jésù Kristi ni. Nígbà tí ó lajú, ó rí ẹ̀dá funfun kan tó ní ìyẹ́, ó rí ejò kúkúrú kan àti ẹyẹ kan tó lẹ́wà púpọ̀. Kò sí èyí tó pa á lára nínú wọn. Ẹni tó ń tukọ̀ fún un ṣàìsàn inú, Oshoffa gbé ọwọ́ lé e, ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn náà ó ṣìnà, oṣù mẹ́ta gbáko ló sì fi wà nínú igbó náà kí ó tó rí ọ̀nà jáde. Oyin àti omi ni ó fi gbé ẹ̀mí ró.

Olúkúlùkù lè fi ojú tirẹ̀ wo ìtàn yìí. Onígbàgbọ́ ìjọ rẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn lè sọ pé ebi, òùngbẹ àti ìdánìkanwà máa ń fi nǹkan han ènìyàn. Àmọ́ ohun kan wà tó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yìí sọ pé òun gbọ́ kò jẹ mọ́ oyè, kò jẹ mọ́ agbára, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ owó. Oore-ọ̀fẹ́ ni. Oore tí a kò sanwó rẹ̀, tí a kò ṣiṣẹ́ fún, tí a kò sì jogún. Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ ti dá padà, tí kò sí nílé ọba, tí kò sí lára àwọn olówó, lòun ni ọ̀rọ̀ náà wá bá nídìí igi.

Nígbà tí ó jáde, àwọn ènìyàn abúlé etí odò ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìjọ rẹ̀ ń sọ pé ó gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n ti gbà pé wọ́n ti kú, wọ́n sì jí. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo yẹn tó kù fún bàbá wọn.

Ìjọ tó ti ilé gbẹ́nàgbẹ́nà jáde

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947 ni ìjọ náà kà sí ọjọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀. Oshoffa ń gbàdúrà nílé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ nígbà tí ó sọ pé ìmọ́lẹ̀ kan tàn, òjíṣẹ́ oníyẹ̀ẹ́ kan sì jíṣẹ́ fún un. Ìṣòro kan tí gbogbo wa mọ̀ nílé lóko ni iṣẹ́ náà dá lé. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ilẹ̀ yìí ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí àìsàn tàbí àìríbí bá dé, wọ́n á lọ bá babaláwo àti oníṣègùn lóru. Wọ́n rán an pé kó pè wọ́n padà sọ́dọ̀ Kristi nìkan, kí ìwòsàn tí wọ́n ń wá kiri sì máa bá wọn níbẹ̀.

Kò lọ bá àwọn ẹni ńlá ìlú kọ́kọ́. Àwọn ìbátan rẹ̀, àwọn aládùúgbò àti àwọn aláìsàn ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni àwọn apẹja orí omi, àwọn Tofin àti Ègùn tí ilé wọn dúró lórí òpó nínú ọ̀sà. Àwọn apẹja yìí ló gbé ìjọ náà kọjá ibodè. Nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ẹja lọ sí Èkó, ìgbàgbọ́ wọn bá wọn lọ, ìjọ sì fìdí múlẹ̀ ní Màkókò ní nǹkan bí ọdún 1950. Oshoffa lọ bẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀ ní ọdún 1951. Láàárín àsìkò díẹ̀, àwọn Yorùbá Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ti ń wọlé. Ní ọdún 1958, ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ ìjọ náà sínú ìwé.

Kì í ṣe Yunifásítì ló gbé e dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó míṣọ́nnárì. Orí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, lábẹ́ àwọ̀n ẹja, ló gbà dé ìlú tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ bọ́ bàtà yín

Àwọn àṣẹ tí Oshoffa fi lélẹ̀ kò ṣòroó kà. Ọmọ ìjọ kò gbọ́dọ̀ bọ òrìṣà, kò gbọ́dọ̀ mu ọtí tàbí sìgá, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Bí ó bá sì ti wọ aṣọ funfun ìjọ, tí wọ́n ń pè ní sùtánà, kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà. Ìtàn Mósè níwájú igbó tó ń jó ni wọ́n fi ti òfin ìkẹyìn yìí lẹ́yìn.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ bí òfin yìí ti wúwo tó. Nínú ìlú tí bàtà ti jẹ́ àmì ẹni tó rí jájẹ, tí a ti ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn ká tó fún un ní àga, ó ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ ọ. Ó ní kí gbogbo wọn wọ àwọ̀ kan. Aṣọ àrán kò wọlé mọ́, aṣọ òfì olówó gọbọi kò wọlé mọ́. Bí ènìyàn bá jókòó lẹ́yìn, kò ní lè fi aṣọ mọ èwo ni ọ̀gá, èwo ni ọmọ ọ̀dọ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú ìjọ yìí, Ẹ̀mí lè bà lé ẹnikẹ́ni nígbà ìsìn. Ọmọbìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ lọ́jà lè dìde ní ọjọ́ ìsìn kó ríran, kí akọ̀wé ìjọ máa kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, kí olówó ìlú sì kúnlẹ̀ gbọ́ ohun tí a ní kó ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin náà yóò padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Ní ti àwọn tálákà, èyí ju ìwàásù lọ. Ojú ara wọn ni wọ́n fi ń rí i pé oore-ọ̀fẹ́ kì í béèrè ipò kó tó wọlé.

Oyè dé

Àmọ́ ibi tí ènìyàn méjì bá wà, ọ̀kan yóò fẹ́ wà níwájú. Bí ìjọ ṣe ń gbilẹ̀, oyè ń pọ̀ sí i: alàgbà, lídà, wòlíì, ajíhìnrere, àti oríṣiríṣi ìpele láàárín wọn. Ìfòróróyàn ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn láti ìpele kan sí èkejì. Aṣọ funfun náà kò jọra tán mọ́. Àmùrè aláwọ̀ orísirísi dé, ẹ̀wù ìlékè dé, ibi ìjókòó náà sì ń tẹ̀ lé ìpele. Lórí gbogbo wọn ni Oshoffa wà, Pásítọ̀ Olùdásílẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ló sì ń jẹ́ Pásítọ̀.

A kò gbọ́dọ̀ fi ojú kan wo èyí. Ìjọ tó ti Àjàṣẹ́ dé Èkó, tó sì ń lọ sí òkè òkun, kò lè wà láìní ètò. Yorùbá sì gbà pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó ti ń gbá ilẹ̀ ìjọ fún ogún ọdún yẹ lẹ́ni tí a ń bu ọlá fún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba oyè wọ̀nyí jẹ́ ẹni tí ayé kò lè fi oyè kankan dá lọ́lá láéláé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́nu ọ̀nà tún ti gba ojú fèrèsé wọlé.

Oshoffa fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ìjọ́sí ti di bàbá tí àwọn olówó àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá gba àdúrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ aya púpọ̀, ó bí ọmọ púpọ̀, bí àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ wa ti ń ṣe láyé ìgbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1976, nígbà tí ìjọba Kérékou ti gbé ètò Marx kalẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ó kó lọ sí Nàìjíríà, ó sì fi Kétu ti Èkó ṣe ibùjókòó. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó lè bá a jiyàn mọ́. Síbẹ̀ ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ bí àwọn yòókù.

Ikú rẹ̀ àti ìjà tó tẹ̀ lé e

Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ padà sí ìlú ìyá rẹ̀. Ó ya Ìmẹ̀kọ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú mímọ́ ìjọ, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ yóò ti máa péjọ ní àkókò Kérésìmesì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù náà, wọ́n sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bẹ̀ pé kó dúró bí ilé ayé bá wù ú ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó gbẹ lórí sàréè, ọ̀rọ̀ àga ti dìde. Alexander Abiodun Bada, tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, di Pásítọ̀ ní ọdún 1987, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà á. Ẹjọ́ lọ láti kóòtù kan sí èkejì ní Nàìjíríà, ó dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ọdún 2000 ló tó parí. Ọdún yẹn náà ni Bada kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní ọdún 1889 tún fara hàn nínú ìjọ: olórí ń jẹ ní Àjàṣẹ́, olórí ń jẹ ní Nàìjíríà, apá kan ń péjọ sí Sẹ̀mẹ̀ létí òkun ní Kérésìmesì, apá kejì ń lọ sí Ìmẹ̀kọ. Ọmọ tí ìhà méjèèjì bí ni ìhà méjèèjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ohun tó kù

Síbẹ̀ igi náà kò gbẹ. Ìkànìyàn tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọdún 2013 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn orílẹ̀-èdè náà, ó lé ní 6 tó jẹ́ ọmọ ìjọ tí Oshoffa dá sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó kọ́ ọ ní ìwé díẹ̀ tó mọ̀, lé díẹ̀ ní 3. Ọmọ tí wọ́n dá padà sílé nítorí amọ̀ ti di òpó ilé tó ju ti àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Àmọ́ bí a bá fi iye ènìyàn nìkan wọn ayé rẹ̀, a ti tún padà sídìí òṣùwọ̀n ayé nìyẹn. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ìjọ náà bá ara wọn jà sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè fúnni: àga, oyè, ilé, orúkọ. Ohun ènìyàn ni, ẹni tó fúnni lè gbà á padà, kóòtù sì lè pín in. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ nínú igbó ní ọdún 1947 nìkan ni wọn kò lè gbé lọ sí kóòtù. Kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sì lè pín in fún ọmọ. Ọ̀fẹ́ ló gbà á, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń pè é ní bàbá.

Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a tún wo àwọn tó ń kọjá ní Ìfọ̀nyìn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ì báà jẹ́ pé a wà nínú ìjọ wọn tàbí a kò sí níbẹ̀. Ajíhìnrere àgbà wà nínú wọn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sùtánà àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀. Àmùrè wọn kò rí bákan náà, ibi tí wọn yóò jókòó sí kò ní rí bákan náà. Ṣùgbọ́n kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan nínú wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà Àjàṣẹ́ ló fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, àwọn tó ń du àga rẹ̀ pàápàá ń pa á mọ́.